Èébú Kì Í Sọ Akẹ́kọ̀ọ́ Di Agbẹ̀bí

Bí ẹ bá bá àwọn àgbà agbẹ̀bí wa jókòó níbi ìnáwó, tí ọ̀rọ̀ bá kan ìgbà tí wọ́n wà nílé ìwé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ojú wa rí màbo nígbà tiwa o. Ìyà yẹn náà ló sọ wá di èèyàn." Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún bọ̀ láti wọ́ọ̀dù á ní kó fara dà á, pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Olùkọ́ ń sọ bẹ́ẹ̀, mátírọ́ọ̀nù ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn náà ti ń sọ ọ́ báyìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Gbogbo wọn gbà pé pósítìn, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn aboyún nílé ìwòsàn, kò lè pé láìsí èébú àti ìdójútì, nítorí iṣẹ́ náà le, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì rọ̀ kò ní lè ṣe é.

Agbẹ̀bí ni èmi náà. Mo ti gbẹ̀bí, mo sì ti dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n níbi ìgbẹ̀bí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú, àmọ́ mo ní láti sọ ọ́. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ yìí, irọ́ tó sì ń pààyàn ni. Ìwọ̀sí tí a fi ń kan akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù kì í dúró lára akẹ́kọ̀ọ́. Ara aboyún ló ń gbẹ̀yìn sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ń fẹ́ ìbáwí. Ní ọdún 1847, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis kíyè sí i pé àwọn ìyá ọlọ́mọ ń kú púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́, ju wọ́ọ̀dù kejì tó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń ti ìdí òkú tí wọ́n ń là wá sídìí aboyún, ohun tó ń pa àwọn ìyá náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó ní kí wọ́n máa fi omi tó ní chlorine fọ ọwọ́, ikú náà dín kù gan-an. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fọwọ́ kan aboyún láìfọ̀ ọ́, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Bó bá kọ ìwọ̀n ìfúnpá tí kò wọ̀n sínú ìwé, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó burú jáì ló ṣe yẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Apá kan nínú òwe yẹn ni wọ́ọ̀dù wa ń lò.

Ohun tí mò ń bá jà yàtọ̀ sí ìbáwí. Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi fa omi sí obìnrin kan lára, wọ́n dá a lóhùn níwájú obìnrin náà pé àfàìmọ̀ kí orí rẹ̀ pé. Ó gbé ohun èlò kan sí ibi tí kò yẹ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n rán an lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní ẹnu géètì, kó tó dé ọmọ ti wáyé, ìgbẹ̀bí tó yẹ kó wà nídìí rẹ̀ ti kọjá lọ. Bó bá sì fẹ́ ṣàròyé, ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé rẹ̀ náà ló máa bá ṣàròyé. Ó gbọ́n tó láti mọ̀ pé kó pa ẹnu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun kan ṣoṣo lára ohun tí wọ́n rán an wá kọ́, kí ẹ lè mọ bí èébú ṣe ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Bí obìnrin bá ń rọbí, a ní láti mọ bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ṣí tó, láti ibi tó ti pa dé títí di sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá. Ojú kò lè rí i. Ìka méjì ni agbẹ̀bí máa fi wọlé, á rọra yà wọ́n títí wọn ó fi kan etí ihò náà lọ́tùn-ún lósì, á wá fi ọkàn gbé bí ìka méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn jáde. Láàárín àkókò kékeré yẹn, ó tún ní láti mọ̀ bóyá etí náà ṣì nípọn tàbí ó ti fẹ́lẹ́, bóyá orí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀, ibi tí àwùjẹ̀ orí ọmọ kọjú sí, bóyá omi ti dà. Obìnrin náà ń jẹ̀rora ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì yẹ kó pẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ irú nǹkan báyìí? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Olùkọ́ á tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin náà, akẹ́kọ̀ọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ ohun tí ìka rẹ̀ bá pàdé gan-an. Olùkọ́ á wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní: "Mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́fà. Etí rẹ̀ ṣì wà níwájú, ó nípọn, ìka rẹ kò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ìwọ lo tún máa yẹ̀ ẹ́ wò." Sẹ̀ńtímítà méjì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2020 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà ìrọbí tuntun jáde, sẹ̀ńtímítà márùn-ún ni a fi ń ka obìnrin sí ẹni tí ìrọbí rẹ̀ ti múlẹ̀. Ẹni tó wà ní mẹ́rin lè máa rìn kiri, kó jẹun, kó sinmi. Bí wọ́n bá pè é ní mẹ́fà, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ wọn á ní ìrọbí rẹ̀ ti dúró, wọn á máa wá dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lórí kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ òótọ́ nípa ohun tí ìka rẹ̀ rí. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í sọ ọ́. Á kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kọ, á fi díẹ̀ lé e, á ka iye tó rò pé àgbà fẹ́ gbọ́. Mo ti rí ìwé ìrọbí tí wọ́n kọ 4, 5, 6, 7 sí ní wákàtí kan tẹ̀lé òmíràn, ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹnu ilé ọmọ ta ni ń ṣí báyẹn? Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ti sọ ní 2018 pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ń ṣí ní sẹ̀ńtímítà kan ní wákàtí kan, àti pé ká má ṣe torí ìyẹn nìkan dá sí ìrọbí ẹni tí ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ bá dá pé. Ìwé tó gún régé yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kan náà ló ń di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya. Bí ọmọ bá ti wáyé tí àgbà agbẹ̀bí ti sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń rọbí, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ ti ìyá ọlọ́mọ. Òun ló máa kọ́kọ́ rí i pé páàdì ń rin ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá fọwọ́ kan ikùn, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé ọmọ tó yẹ kó ti le ṣì rọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ó yọ páàdì kan, ó fi òmíràn sí i, ó yọ ìyẹn náà, ó wo ọ̀ọ́kán, kò pe ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n ti jágbe mọ́ ọn pé ó ń da èèyàn láàmú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo ká aṣọ kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ẹ̀yìn ìyá náà. A fọwọ́ ra ilé ọmọ, a fún un lábẹ́rẹ́, a fa omi sí i lára, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ó yè. Lẹ́yìn náà ni mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò pè wá. Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa ní mo tún ti dé, Mà."

Ẹni tó bá ní ìyà ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di akin, kó dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn fún mi.

Kì í sì í ṣe pé ojú àgbà fi bẹ́ẹ̀ ríran ju tirẹ̀ lọ níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, àwọn obìnrin tó bímọ lábẹ́ rẹ̀ sì ju 200,000 lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ya ju ni wọ́n rí. Níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá, wọ́n rí ju 90 lọ nínú 100. Ọ̀rá yẹn àti ìtọ́jú kíákíá tí wọ́n so mọ́ ọn mú kí ẹ̀jẹ̀ yíya tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú tó ń tìdí rẹ̀ wá fi ìdá 60 nínú 100 dín kù lápapọ̀. Ẹni tó bá lè ka àmì ara ọ̀rá lè gba ẹ̀mí là, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè lanu.

Àwọn kan á ní torí pé nǹkan kò sí nílé ìwòsàn wa ni. Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí nǹkan wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Donna Ockenden, tí òun náà jẹ́ agbẹ̀bí, gbé ìjábọ̀ jáde lórí ìtọ́jú aboyún ní Shrewsbury àti Telford ní Ìlú Ọba. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ rí i pé 201 ọmọ tó kú ni ì bá ti yè, tàbí tó ṣeé ṣe kó yè, ká ní ìtọ́jú dára. Wọ́n sọ nínú ìjábọ̀ náà pé ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ láti sọ ohun tí wọ́n rí. Iná wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní ìpamọ́.

N kò tíì dé ibi tó dùn mí jù. Kò sí ọmọ tó gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé agbẹ̀bí nítorí kó lè máa bú aboyún. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ṣé èmi ni mo fún ọ lóyún ni?" tàbí "Nígbà tó ń dùn mọ́ ọ, ṣé o ké báyìí?" Síbẹ̀, ìlú wo ni ẹ lè dé tí àwọn ìyá kò ní mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lórí? Pósítìn ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ ọ. Wọ́n rí i pé ẹni tó wà lókè ló ń bú ẹni tó wà nísàlẹ̀, wọ́n wá wò yíká wọ́ọ̀dù, ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n rí tó rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ ni obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet ní 2019 wo obìnrin 2,016 bí wọ́n ṣe ń bímọ nílé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Ghana, Guinea àti Myanmar. Àwọn 838 nínú wọn ni wọ́n lù, ni wọ́n bú, tàbí ni wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ló jẹ nínú rẹ̀ jù. Àkókò tó sì burú jù ni ìgbà tó ku nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọmọ wáyé títí di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà tí obìnrin kò lè dìde, tí kò lè dáhùn, tí kò lè lọ.

Ó máa ń lọ nígbà oyún tó bá tẹ̀lé e. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ ló máa lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà àdúgbò, níbi tí wọ́n ti máa ń pè é ní ọmọ mi, tí wọ́n á fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á máa kọrin fún un. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: bí giri aboyún bá mú un níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá, ìfẹ́ nìkan kò ní lè gbà á. Ìdí tí mo ṣe ń bínú gan-an nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó lè gbà á wà lọ́dọ̀ wa, a sì fi ẹnu wa lé e kúrò nídìí rẹ̀. Nínú ìwádìí ìjọba ní 2018, nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 39 ni wọ́n bí nílé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ tiwa ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó àti ọ̀nà jíjìn sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin wá, mo mọ̀. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 nìkan. Bí ikú bá pọ̀ tó yìí, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èébú lé ẹyọ obìnrin kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ṣebí àwa náà jẹ ìyà, a sì yege?" Mo máa ń bi àwọn tó bá sọ báyìí ní ìbéèrè kan: Ta ló dúró tì yín ní ìgbẹ̀bí àkọ́kọ́ yín? Ojú wọn á yí padà, wọ́n á dárúkọ ẹnì kan. Wọ́n á ní Mà báyìí-báyìí ló gbé ọwọ́ lé ọwọ́ wọn nígbà tí orí ọmọ ń yọ, tó ní kí wọ́n má fà á, kí wọ́n dúró kí ọmọ yí èjìká rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó dárúkọ ẹni tó bú u. Wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó fà wọ́n mọ́ra, wọ́n wá lọ fi ìyìn fún ìyà. Àwọn tí ìyà náà lé kúrò nídìí iṣẹ́ kò sì sí níbi ìnáwó láti sọ tiwọn.

Àwíjàre kejì ló gba sùúrù. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kò tó, pé agbẹ̀bí kan ṣoṣo pẹ̀lú aboyún mẹ́fà tó ń rọbí kò ráyè kọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Mo ti wà nínú irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú, mo mọ bí ohùn ṣe ń le láìjẹ́ pé inú burú. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe tò ó. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí àgbáyé, ICM, ní ó kéré tán ìdajì ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìdajì ẹ̀kọ́ odindi ni a wá gbé lé ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, tí wọn kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù nítorí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní bí a ṣe ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń di ọwọ́ tí wọ́n fi ń dí àlàfo òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó lọ ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ìlú Ọba mọ̀ pé wọn kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ iye òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù níbẹ̀, àti pé láti ìgbà tí ìlànà ọdún 2018 ti jáde, ẹni tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ bóyá ó yege. Ìlànà nìkan kò lè gba ibi bíi Shrewsbury là, torí ìlànà tí ẹ̀rù bá gùn lé lórí kò lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó kéré tán, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ló ni akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì fẹ́ le sí i. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé àwọn fẹ́ gbé iye tí àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, ìṣègùn àti irú wọn ń gbà lọ́dún kúrò ní 28,000 lọ sí 64,000. Ó dára kí agbẹ̀bí pọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìkéde kì í mú kí ìbímọ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ̀bí 40 pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tàbí 30 bí ìbímọ kò bá tó, kó sì kópa nínú 20 mìíràn. Àwa náà ní iye tiwa, ẹni tó bá sì wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ bí a ṣe ń dé e: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta á kọ ìgbẹ̀bí kan náà sínú ìwé mẹ́ta, wọ́n á kó ìwé jọ títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹnì kan á sì buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹni tó jáde báyìí ni a ń rán lọ sí ìgbèríko. Láti ọdún 2009 tí ètò Midwives Service Scheme ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó jìnnà sí ìlú, níbi tí òun alára ti máa ń jẹ́ àgbà. Ẹnu ilé ọmọ tí kò kọ́ bí a ṣe ń wọ̀n ní pósítìn, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ agbẹ̀bí tó ni ín kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù ní àárọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ju méjì lọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí wọ́n ka ìkọ́ni mọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí yẹn, kí wọ́n sanwó rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì dín iye aboyún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Kí ilé ìwé má rán ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù tí kò bá lè ṣe èyí, kódà bí orúkọ ilé ìwòsàn náà bá tóbi. Èyí tó bá gba owó lè pẹ́ díẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀bí kò gba owó. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lágbára lórí rẹ̀, wọ́n sì lè fi ìlà mẹ́ta kún ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ta ló wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí ibi fi jáde, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ rí tó pe àgbà sí, kí ni ìyá ọlọ́mọ sọ nípa bí wọ́n ṣe bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bi ìyá náà kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ẹni tí wọ́n máa rán sí i má sì jẹ́ ẹni tó gbẹ̀bí fún un.